Àsíátù Ajíbóyè àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣa Kajú

Bí ẹ bá dé Ladjifarani, àdúgbò kan ní Parakou, tí ẹ béèrè Àsíátù tó ń tún kọ̀mpútà ṣe, ẹnikẹ́ni á mú yín dé ẹnu ilé. Bí ẹ bá béèrè Àsíátù tó ń kọ ètò atukọ̀, wọ́n á wò yín tòkètilẹ̀. Ẹnì kan náà ni. Iṣẹ́ kejì yìí ni kò hàn sójú, òun ló sì le jù, òun náà ni mo fẹ́ sọ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ṣe é, mo sì mọ ohun tó ná wa àti ohun tí ì bá ná wa.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ṣakí ni bàbá rẹ̀ ti wá, ọjà Arzèkè sì ni ìyá rẹ̀ ti ń ta aṣọ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí i. Parakou níbí ni wọ́n bí i sí. Ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ Yorùbá, ó ń bá àwọn alábàárù ọjà sọ Dendi, ó sì ń bá ọlọ́pàá sọ Faransé. Ìyẹn kò jọ ẹnikẹ́ni lójú nílùú wa, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe. Ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀ ni pé ó fẹ́ gbọ́ èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọdún tó kọ́kọ́ wọ yunifásítì ni ìyá rẹ̀ ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tẹ rìsíìtì, àlòkù. Wọ́n so ó mọ́ kọ̀mpútà, kọ̀mpútà ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn atúnnǹkanṣe tó wà lọ́jà ní kí Màmá gbé e dànù. Àsíátù gbé e wọ yàrá, odindi ìsinmi ìgbà òjò ló sì fi wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀rọ ń tẹ rìsíìtì. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló ṣe sí i, ó ní òun kọ́ kọ̀mpútà ní èdè ẹ̀rọ náà ni.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ìwọ fúnra rẹ ní èdè abọ́ fífọ̀, o ò tíì gbọ́ ẹyọ kan."

Ṣùgbọ́n rìsíìtì àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ yẹn tẹ̀, Màmá ká a sínú àpò owó rẹ̀. Ó ti fi hàn mí. Lẹ́tà orí rẹ̀ ti ń parẹ́.

Ohun tí Àsíátù kọ nínú yàrá nígbà yẹn ni wọ́n ń pè ní pílọ́ọ̀tì lédè Faransé. Atukọ̀ ni èmi ń pè é. Gbogbo nǹkan tí ẹ bá kì bọ ihò USB lára kọ̀mpútà, ìbáà ṣe kámẹ́rà, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àjèjì ni wọ́n jẹ́ sí kọ̀mpútà. Ètò kékeré kan ló máa ń dúró láàárín wọn, tó gbọ́ èdè ọ̀tún, tó gbọ́ èdè òsì. Bí kò bá sí i, odi pàdé adití nìyẹn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn atukọ̀ yìí, pípẹ́ díẹ̀ kò pa wọ́n lára. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá fẹ́ pẹ́, ẹ ó dúró dè é. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé èsì tó tọ̀nà, bó bá pẹ́ dé, ó ti di èsì tí kò tọ̀nà. Irú ẹ̀ ni ẹ̀rọ wa.

Ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe ni wá, a ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá Banikanni, níbi tí a ti ń fọ́ kajú, tí a ń bó o, tí a sì ń ṣà á fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn irin iṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń náni. Ogójì obìnrin ló ń ṣa kajú fún wa. Ọwọ́ wọn mọ́, ṣùgbọ́n kajú tó ń wọlé ti pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí a kò tíì ṣà yóò fa omi, á rọ̀, ẹni tó fẹ́ rà á á sì fi í sílẹ̀. A nílò ẹ̀rọ tó máa kọ́kọ́ yọ èyí tó burú gan-an kúrò, kí àwọn obìnrin wá máa yẹ ìyókù wò ní sùúrù.

Èmi ni mo lọ ra ẹ̀rọ náà ní èbúté Kùtọnù. Àlòkù ni. Iye tí mo rà á kò tó ìdá mẹ́wàá tuntun, mo sì fi yangàn fún oṣù méjì gbáko. Nínú oṣù kẹta, kọ̀mpútà inú rẹ̀ kú. A kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun, a gbọ́ pé wọ́n ti kógbá sílé. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ní Kùtọnù wá wò ó, wọ́n mu omi tútù, wọ́n gba owó ọkọ̀, wọ́n lọ. Ohun tó wọ́n gan-an ni a gbé kalẹ̀ ní igun ilé iṣẹ́ yẹn, èmi sì ni mo sọ pé kò wọ́n. Nígbà náà ni Lùkúmọ̀n, tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí wa, sọ fún mi pé ọmọ kan wà ní Ladjifarani.

Àsíátù wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹ ẹ̀rọ náà wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn ń kọ sínú ìwé ni. Nígbà tó dìde, ó ní kámẹ́rà ṣì wà láàyè, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ṣì ń ṣí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ ìgbà tí wọn máa ṣí fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kajú á máa já bọ́ láti òkè ní ẹyọ ẹyọ, nínú ọ̀nà mẹ́rìndínlógún. Bó ti ń já bọ́, á kọjá níwájú kámẹ́rà. Kọ̀mpútà á wò ó: ṣé funfun ni, àbí ó ní àmì dúdú? Bó bá burú, ihò afẹ́fẹ́ kan wà nísàlẹ̀ tó máa fẹ́ fìì, á gbá a sínú apẹ̀rẹ̀ ìdàtì, tí a ń da èyí tí kò dára sí. Bó bá dára, á já sínú apẹ̀rẹ̀ rere. Ẹ wá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ìpín márùndínláàádọ́rin péré ni kajú fi ń já láti iwájú kámẹ́rà dé iwájú afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìpín méjì tàbí mẹ́ta ṣìnà, ó ṣì bá a. Bó bá fi ìpín mẹ́wàá pẹ́, èyí tó burú ti kọjá lọ, funfun tó tẹ̀lé e ni afẹ́fẹ́ á gbá dànù. Bí a ṣe pàdánù lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn: ìdọ̀tí wọ ọjà, ọjà wọ ìdọ̀tí.

Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ kan ní Kùtọnù ti fún Àsíátù níṣẹ́: kó máa so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀mpútà ọ́fíìsì. Iṣẹ́ tó ní orúkọ, tó ní ọjọ́ owó oṣù. Kò fẹ́ ẹ. Ó sọ fún mi pé irú iṣẹ́ tí òun kọ́, tí pípẹ́ ti jẹ́ àṣìṣe, kò sí ohun mìíràn ní Parakou tí òun lè ṣe é lórí rẹ̀ àfi ẹ̀rọ wa. Bí ẹ̀rọ yìí bá jí, òun dúró. Bí wọ́n bá gbé e jáde, òun á wọ ọkọ̀.

Oṣù méjì ló fi ṣe ti àkọ́kọ́. Ó yọ káàdì tó kú nínú àpótí afẹ́fẹ́, ó fi káàdì kékeré mìíràn sí i, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó kọ ohun tí káàdì náà máa ṣe. Ó wá kọ atukọ̀ sínú kọ̀mpútà tuntun tí a rà. Kámẹ́rà bọ́ sí ihò USB kan, káàdì afẹ́fẹ́ bọ́ sí èkejì. Kọ̀mpútà á rí kajú, á dájọ́, á dúró títí àkókò á fi pé, á wá pàṣẹ pé, "Ṣí." A da ogún kílò sí i, ó ṣà á mọ́ fínnífínní. Àwọn obìnrin wá dúró, wọ́n ń wò ó. Èmi náà tún bẹ̀rẹ̀ sí yangàn.

Ọjọ́ tí àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wá wò ó, iná lọ láàárọ̀. A ní bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ, nítorí náà kò sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìṣe wa nílùú yìí: bí iná bá lọ, ibi tí iná kékeré bá ṣẹ́ kù sí ni gbogbo fóònù ń lọ. Lùkúmọ̀n rí i pé ihò kan ṣófo lára kọ̀mpútà, ó ki fóònù rẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù náà kò mọ iná mu jẹ́ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó fọ́tò inú rẹ̀ fún kọ̀mpútà, gbogbo fọ́tò ìkómọjáde àbúrò Lùkúmọ̀n, ó ń gba ojú ọ̀nà kan náà tí àṣẹ afẹ́fẹ́ ń gbà, àṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́.

Alága wa ni Ọláolúwa, ọmọ Kétu, ẹni tí kì í pariwo. Ó tẹ̀ síwájú, ó ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ ìdàtì, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kajú funfun báláú síta. Ó ki ọwọ́ kejì bọ inú apẹ̀rẹ̀ rere, ó bu ti alámì dúdú. Ó gbé méjèèjì síwájú mi.

Ó ní, "Bàbá Àkàndé, èwo la fẹ́ tà nínú méjèèjì?"

Ó wá sọ fún Àsíátù, ní jẹ́jẹ́, pé ẹni tó ń bá àwọn olùrajà yẹ ọjà wò ń bọ̀ láti Kùtọnù ní ọjọ́ mọ́kànlá òní. Bí ẹ̀rọ kò bá ṣa kajú mọ́ níṣojú ẹni náà, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá gbé e lọ́jọ́ kejì, torí ibi tó gbà ní ilé iṣẹ́ tó àyè obìnrin mẹ́fà.

Lùkúmọ̀n fẹ́ kú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dárí jì mí, èmi ni mo bà á jẹ́." Àsíátù ní kì í ṣe Lùkúmọ̀n ló bà á jẹ́. Ó ní ohun tí fóònù kan lè bà jẹ́, ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Mo rò pé ojú àánú ló fi sọ ọ́. Àṣé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó fi bébà dí gbogbo ihò tó ṣófo, ó da kajú sí i, ó jókòó tì í, ó ń ka èyí tó pẹ́. Láìsí fóònù, láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí, ẹyọ kan nínú irínwó ṣì ń pẹ́. Mo ní irínwó pọ̀, ẹyọ kan kò tó nǹkan. Ó ní kí n ka iye irínwó tó wà nínú àpò kan. Mo kà á, mo tún un kà.

Ó lọ yá kọ̀mpútà tó yára ju tiwa lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹyọ kan ṣì ń pẹ́, nínú irínwó ó lé díẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣàlàyé fún mi pé kọ̀mpútà dà bí akọ̀wé kan ní gbọ̀ngán ìjọba, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tò síwájú rẹ̀. Bó ti wù kó yára tó, bí ẹni tó ṣáájú yín bá ní ẹjọ́ gígùn, ẹ ó dúró. Àṣẹ tó ní kí afẹ́fẹ́ ṣí náà ń tò bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe ìyára ni ìṣòro. Ìṣòro ni pé kò sí ẹni tó lè búra fún òun pé ẹyọ kan kò ní pẹ́ láé. Ọjọ́ márùn-ún ti lọ nínú mọ́kànlá. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

Ẹni tó fà á dìde nídìí ẹ̀rọ ni Ìyá Yétúndé. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, òun ni olórí àwọn tó ń ṣa kajú, ó sì ti ṣe é fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ní kí ọmọ alákọ̀wé wá jókòó ti òun díẹ̀, kó wá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ojú ṣe, kó yé fi ojú sunkún.

Ẹ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹni tuntun níbẹ̀. Kajú á máa bọ̀ lórí rọ́bà gígùn kan tó ń rìn. Ẹni tuntun kì í fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìpè ló máa ń pè. Á jókòó sápá òkè, ẹni àgbà á jókòó sápá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tuntun á máa wo kajú tó ń kọjá, á máa pè é: "Rere. Rere. Dànù. Rere." Ọwọ́ àgbà ló máa mú èyí tó ní kí wọ́n dà nù. Àgbà kì í wò ó, ó lè máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà, ní ìwọ̀n apá kan sí ọwọ́ àgbà.

Àsíátù jókòó, ó ń pè. Ó fẹ́ ṣe é dáadáa, nítorí náà ó ń dúró títí kajú tó burú á fi dé ọ̀gangan ọwọ́ Ìyá Yétúndé kó tó pè é, kó má baà ṣì í lọ́nà. Gbogbo ìgbà tó bá pe "Dànù," funfun ni Ìyá Yétúndé ń mú. Ó ń jù ú sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Láìpẹ́, itan Àsíátù kún fún kajú tó dára, àwọn obìnrin sì ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi omi àti iyọ̀ sí i, kí wọ́n yan án fún un, owó oṣù rẹ̀ ti pé.

Ìyá Yétúndé ní, "Ṣé ọwọ́ mi ló pẹ́, àbí ẹnu rẹ?"

"Ẹnu mi ni, Màmá. Ṣùgbọ́n mo pè é gẹ́lẹ́ bó ṣe dé."

"Ta ló ní kó o dúró kó dé? Ìlà ẹfun wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o ti pè é, nígbà tó ṣì jìnnà. Bó o bá tiẹ̀ pè é ṣáájú ìlà, kò burú. Ọwọ́ mi mọ ìgbà tó máa dé. Iṣẹ́ tìẹ ni kó o tètè sọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú un lásìkò."

Wọ́n ní Àsíátù kò pe ohun kankan mọ́, kajú ń kọjá lọ níwájú rẹ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ó wá dìde, kajú orí itan rẹ̀ dà sílẹ̀, ó sì jáde lọ bá alùpùpù kan ní títì. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Yétúndé ní òun rò pé inú ló bí i.

Inú kò bí i. Ó ti rí ohun tó ń wá ni. Láti oṣù méjì, kọ̀mpútà ni ó fún ní iṣẹ́ méjèèjì, ìpè àti mímú. Ó ní kó dájọ́, ó sì tún ní kó dúró de àkókò gan-an kó tó pàṣẹ. Ó yẹ kó jẹ́ pé kọ̀mpútà á kàn pè é ní kíákíá nígbà tí kajú ṣì jìnnà, á sì fi àkókò mọ́ ọn: "Ihò karùn-ún, ṣí ní ìpín báyìí." Káàdì kékeré tó wà nídìí afẹ́fẹ́, tí kò ní ẹlòmíràn tó ń tò síwájú rẹ̀, ni yóò jẹ́ ọwọ́ àgbà. Òun á fi àṣẹ náà pamọ́, á máa ka ìpín, bó bá pé, á ṣí. Bí ọ̀rọ̀ kọ̀mpútà bá wá pẹ́ lọ́nà ní ìpín mẹ́wàá tàbí ogún, kò ṣe nǹkan kan. Ó ti kúrò nílé ní àárọ̀.

Ó ku bí àwọn méjèèjì ṣe máa ka àkókò kan náà. Mo bi í. Ó ní okùn USB fúnra rẹ̀ ló ń kà á: ẹgbẹ̀rún ìgbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ gba ojú okùn, ó sì ń fi nọ́ńbà sí i. Ẹni tó wà ní orí okùn gbọ́, ẹni tó wà ní ìdí okùn gbọ́. Láti ọjọ́ tí a ti so okùn náà ló ti ń kà á, ẹnikẹ́ni kò fetí sí i. Ó sì tún ṣe ohun kan: ó gba àyè sílẹ̀ fún àṣẹ afẹ́fẹ́ lójú okùn náà, bí ẹni tó ti sanwó ìjókòó rẹ̀ nínú ọkọ̀ Kùtọnù kí ọkọ̀ tó dé. Ẹrù tó kù, ìbáà ṣe fọ́tò, ìbáà ṣe fíìmù, ibi tó bá ṣẹ́ kù ni wọn á jókòó sí.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tún un kọ. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Màmá rẹ̀ ṣí ìsọ̀ pẹ́ lọ́jà nítorí rẹ̀, ẹni tí kì í ṣí ìsọ̀ pẹ́ fún ìsìnkú. Ní ọjọ́ kẹwàá a da kajú sí ẹ̀rọ. Àsíátù ní kí gbogbo wa so fóònù wa mọ́ kọ̀mpútà náà. Ó fi fíìmù kan sí i, ó ní kó máa kó ẹrù láti ibì kan dé ibì kan nínú ara rẹ̀, ó fìyà jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń dán kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wò lọ́jà. A dá àpò kan náà padà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Káàdì ń kọ ìgbà tó ṣí gan-an sílẹ̀ fún ìṣísílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní ọ̀kẹ́ kan tó ṣí lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó pẹ́ jù fi ìdajì ìpín kan pẹ́. Kò sí ẹyọ kan tó ṣìnà. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, kò bínú. Ó mọ̀ pé èmi kì í gba iye tí mi ò bá kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó ń yẹ ọjà wò dé ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá. Àbdùlhàfíìsì ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ Dendi, tí kò jókòó, tí kò sì mu omi. Ó gbé ẹrù tirẹ̀ wá: ogójì kílò kajú funfun, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta alámì dúdú pọ̀ mọ́. Ó ní bí ẹ̀rọ bá yọ ọgọ́rùn-ún mẹ́rin àti ọgọ́rin nínú rẹ̀, ó yege. Bí funfun tó bá bá wọn lọ bá ju kílò kan lọ, kò yege, ìbáà yọ gbogbo wọn.

Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, Àsíátù sọ fún un pé ẹ̀rọ náà kò ní yọ gbogbo rẹ̀. Alága yí ojú sí mi. Mo wo ilẹ̀. Àbdùlhàfíìsì béèrè pé kí ló dé.

Àsíátù ní, "Ojú kan ṣoṣo ló ní, sà. Kajú tí àmì rẹ̀ bá kọjú sí ẹ̀yìn á kọjá, ọwọ́ àwọn ìyá wa ló máa mú ìyẹn. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín ni pé èyí tó bá rí, kò ní pẹ́ lórí rẹ̀."

Àbdùlhàfíìsì dà á sí i. Ẹ̀rọ ń fẹ́ fì, fì, fì, gbogbo wa dúró, àwọn obìnrin náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ní bíi ìdajì rẹ̀ iná lọ, bátìrì gbà á, mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ̀rọ kò yí ohùn padà. Ogún ìṣẹ́jú, ó parí.

Àbdùlhàfíìsì da apẹ̀rẹ̀ ìdàtì sórí tábìlì, ó ń kà á ní márùn-ún márùn-ún. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó kà á tán, ó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́rin àti mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Mo fi orí ṣe é: mẹ́sàn-án ló kọjá. Ó wọn funfun tó bá wọn lọ, kò tó ìdá mẹ́rin kílò. Ó wá lọ sídìí rọ́bà, níbi tí Ìyá Yétúndé àti àwọn tirẹ̀ ti ń yẹ apẹ̀rẹ̀ rere wò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó mẹ́jọ fún un. Ó dúró. Ìyá Yétúndé kò gbójú sókè, ó na ọwọ́, ó mú ìkẹsàn-án, ó fi lé e lọ́wọ́. Àmì dúdú náà wà ní ẹ̀yìn, bí Àsíátù ṣe sọ.

Alága kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pe àwọn onírin àlòkù lórí fóònù níbẹ̀ gan-an, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ gbé ọkọ̀ wá. Ó wá yíjú sí Àsíátù, ó ní oṣù mélòó ni ẹ̀rọ náà máa fi ní ojú kejì. Àsíátù ní mẹ́ta, bí òun kò bá ní máa lọ sí Kùtọnù. Alága ní ta ló ń lọ sí Kùtọnù.

Ìwé kan ló kù tí Àbdùlhàfíìsì ní láti kọ kó tó lọ, èyí tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn olùrajà lókè òkun. Ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa, ó kọ oríṣi ẹ̀rọ, ó kọ iye tó kà. Ó dé ibi kan, ó dúró. Ó béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, àti ìlú tí ilé iṣẹ́ náà wà. Lùkúmọ̀n ní kò sí ilé iṣẹ́ kankan. Ọkùnrin náà ní ìwé kò gba kí ibẹ̀ ṣófo, àwọn tó máa kà á fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa bi bí ìbéèrè bá wà.

Àsíátù fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá Yétúndé sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọkùnrin náà kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, mo sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi kọ ọ́ tán, kó má baà ṣì í kọ: Àsíátù Ajíbóyè, Ladjifarani, Parakou.